Ení, mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: kí la ó máa pe ohun tí ọmọ kékeré ń ṣe nígbà tó bá ń kà?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o.

Mo ti ka gbogbo àbá tí ẹ fi ránṣẹ́ láti ìgbà tí olùkọ́ jẹ́léósinmi kan ti bi wá ní ohun tí òun lè kọ sínú ìwé pẹlẹbẹ tí òun fẹ́ fún àwọn òbí, lórí bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ní òǹkà. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló ń wá. Ó fẹ́ ọ̀kan fún ìgbà tí ọmọ kàn ń pe orúkọ nọ́ńbà tẹ̀léra bí orin, ọ̀kan fún ìgbà tó ń fi orúkọ kọ̀ọ̀kan lé nǹkan kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ìgbà tó yé e pé èyí tó pè gbẹ̀yìn ni iye gbogbo wọn, àti ọ̀kan fún ìgbà tó wo ẹyọ mẹ́ta tó sì mọ̀ pé mẹ́ta ni láìkà á. Ẹ ti sapá, àmọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tuntun náà ti ń pọ̀ ju àwọn ọmọ tí a fẹ́ kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ ọ̀kan kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tó ní ká pe gbogbo ẹ̀kọ́ yìí lápapọ̀ ní “ọgbọ́n ìkà”, mo mọ ọ̀nà tó gbà: ó fi ì ṣáájú kà, bí ìfẹ́ ṣe ti inú fẹ́ jáde. Òfin èdè ò ní ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ìyá wo ni yóò gbé ìwé tí wọ́n kọ “Ọgbọ́n Ìkà fún Ọmọdé” sí lẹ́yìn wọlé? Bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá sì gbàgbé àmì, a di ìka ọwọ́, èyí tó tiẹ̀ sàn díẹ̀, torí ìka lọmọ fi ń kà. Òǹkà ni kó kọ. Òótọ́ ni pé ìrísí rẹ̀ jọ ti òǹkàwé àti òǹkọ̀wé, pé ẹni tó ń kà ló yẹ kó jẹ́, ṣùgbọ́n ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ti lò ó pẹ́ débi pé ẹjọ́ yẹn ti tán. Ohun tí mo bẹ olùkọ́ wa ni pé kó má fi “kíkà” lásán sílẹ̀. “Ọmọ mi ti ń kà” lè jẹ́ ìwé, ó lè jẹ́ owó. Kíka nǹkan ni kó kọ.

Ní ti ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èmi rò pé èdè wa ti pín iṣẹ́ yìí kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó jókòó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ení, èjì, ẹ̀ta, ti ẹnu ni. Kò sí ẹni tí í sọ pé “ọsàn ẹ̀ta”. Bí a bá so ó mọ́ nǹkan, ó di ọsàn mẹ́ta, ení pàápàá á sì yí padà di kan. Bí gbogbo wọn bá wọlé láìku ọ̀kan, ó di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oókan, eéjì, ẹẹ́ta tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé láti ara owó kan, owó èjì, owó ẹ̀ta ló ti wá, láyé owó ẹyọ. Ẹ ò rí i pé ìpele ẹ̀kọ́ ló tò sílẹ̀ yẹn?

Èyí àkọ́kọ́, nígbà náà, ni kíka ení-èjì. Gbogbo ilé ló ń sọ ọ́: “ó ti mọ ení-èjì.” Orin “ení bí ení, èjì bí èjì” wúlò níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí olùkọ́ wa ṣọ́ra, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà orin náà, lẹ́yìn ẹ̀fà, a kì í pe èje àti ẹ̀jọ ní orúkọ wọn mọ́, adùn ohùn ló gba ipò wọn. Ọmọ lè kọ ọ́ dé òpin láìmọ̀ pé èje wà.

Èyí kejì, fífọwọ́-kàn-kà ni mo dìbò fún, kì í ṣe “ìbáramu ọ̀kan-sí-ọ̀kan”. “Máa fọwọ́ kàn án bí o ṣe ń kà á” ni ìyá ń sọ. Kó fi ọmọ ayò ṣe é: ojú ọpọ́n méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀, ohun kíkà kò ní tán. Kó má sì fi ọmọ èèyàn ṣe àpẹẹrẹ. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ìyá-àgbà tó bá gbọ́ tí olùkọ́ ń béèrè pé “ẹ mélòó ni ìyá yín bí?” lè má jẹ́ kí ọmọ náà padà wá lọ́la.

Ẹ̀kẹta ló le jù, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ kí a dúró díẹ̀. Ẹnìkan ní ká túmọ̀ ìlànà márààrún nípa bí ọmọ ṣe ń ka nǹkan, èyí tí Rochel Gelman àti C. R. Gallistel, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, kọ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1978. Ó dáa fún ìwé ìwádìí. Fún òbí, ọ̀rọ̀ lásán tó o: orúkọ kan fún nǹkan kan, kí orúkọ máa tò bákan náà nígbà gbogbo, èyí tó kẹ́yìn ni iye, kò sí ohun tí kò ṣeé kà, ibi tó wù ẹ́ lo ti lè bẹ̀rẹ̀. “Èyí tó kẹ́yìn ni iye” yìí ni ọmọ kì í tètè mọ̀. Á ka ẹ̀wà mẹ́ta láìṣìṣe, o bi í pé mélòó ni, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. O ní “fún mi ní mẹ́ta”, á bu ẹ̀kúnwọ́ fún ẹ. Mélòó ní ń béèrè, iye ni ìdáhùn, a ò nílò “ìparí-òǹkà-gẹ́gẹ́-bí-iye” tí ẹnìkan kọ wá. Ohun tí mo fẹ́ kí ìwé náà gbé lárugẹ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ọmọ bá ti kà á tán, “ó yá, kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá.” Ọ̀rọ̀ kan yẹn ti di ẹ̀ta tó ń sọ lẹ́nu mọ́ gbogbo ohun tó wà nílẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, ìṣirò kíláàsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún. Tiwa ò ju ti jẹ́léósinmi lọ.

Ẹ̀kẹrin nìkan ni mo gbà pé ó nílò àṣẹ̀dá. Àwọn kan ní kó jẹ́ àfojúdíwọ̀n. Rárá o. Ẹni tó fojú díwọ̀n òkìtì tòmátì lè ṣì í, ó sì mọ̀ pé òun lè ṣì í. Ọmọ tó rí búrẹ́dì méjì kò díwọ̀n kankan. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ CMS ti ìjọ Áńgílíkà, kọ̀wé ní 1887 nípa bí àwọn tó ń ka owó ẹyọ ṣe ń fọwọ́ fa márùn-ún márùn-ún sọ́tọ̀ títí márùn-ún náà yóò fi pé ọ̀nà ogún, tó di ọgọ́rùn-ún. Wọn kì í ka márùn-ún yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ti mọ̀ ọ́n. Àwòmọye ni mo dá lábàá: à, wò, mọ, iye.

Ní ti àwọn tó fẹ́ sọ ẹ̀ẹ́dógún di “ẹ̀wá-lé-márùn-ún”, mo mọ ìyọnu tí ẹ ń sọ. Ọmọ ń gòkè bọ̀, ọ̀kànlá, èjìlá, ẹ̀tàlá, ẹ̀rìnlá, lójijì ni àrún yọ kúrò lára ogún, ó kan ẹ̀rin, ó kan ẹ̀ta: iye ń gòkè, orúkọ ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n mẹ́rìndínlógún ni yóò gbọ́ lọ́jà. Kí ọmọ kọ́kọ́ mọ dín àti lé nílé. Gbé ṣíbí mẹ́rin kalẹ̀, mú ọ̀kan kúrò, jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé “ó dín kan”. Bí dín kò bá tíì yé e, ẹ fi ogún sílẹ̀ ná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ́nù àti Amẹ́ríkà, mo fẹ́ gbọ́ tiyín: ṣé àwọn ọmọ yín máa ń sọ “ìwé èjì” dípò ìwé méjì, ìgbà wo ni wọ́n sì ń fi í sílẹ̀? Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ọ̀rọ̀ tó dáa ju àwòmọye lọ, kó mú un wá. Àfojúdíwọ̀n nìkan ni mi ò ní gbà.