Ìṣirò mi bá ti Lọ́ńdọ̀n mu, ó kọ̀ láti bá ti New York mu

Olùkọ́ Ìbarà:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Abẹ́òkúta níhìn-ín, ọ̀rọ̀ kan sì mu mí lómi. Mo ní dígírì kan lórí ilẹ̀ ayé tó kìlómítà 111, kí wọ́n wá ìyàtọ̀ pápákọ̀ òfurufú méjì sí àríwá àti sí ìwọ̀-oòrùn, kí wọ́n sì fi òfin Pythagoras, èyí tó ń fi ẹ̀gbẹ́ méjì tó pàdé ní igun ọ̀tún wá gígùn ìlà tó dábùú wọn, so ó pọ̀. Láti Ìkẹjà ní Èkó dé Heathrow ní Lọ́ńdọ̀n, kìlómítà 5,001 ni a rí, ó sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n láti Ìkẹjà dé JFK ní New York, 9,356 ni ó jáde, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń sọ nǹkan bí 8,440. Ọmọ kan béèrè ibi tí kìlómítà tó lé ní 900 náà ti wá, n kò sì rí èsì fún un.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ Òkè-Ìlewó:
Olùkọ́, ìbéèrè ọmọ yẹn wú mi lórí gan-an. Ẹ wo ọsàn tí a bó: awẹ́ rẹ̀ fẹ̀ láàárín, ó sì ń tín-ín-rín bí ó ti ń lọ sókè, títí gbogbo wọn fi pàdé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ìlà tó ti àríwá ayé lọ sí gúúsù rí. Dígírì kan sí ìwọ̀-oòrùn jẹ́ kìlómítà 111 ní agbedeméjì ayé, ṣùgbọ́n ní ìpele New York, ó ti dín kù sí bí 84. Lọ́ńdọ̀n kò tú àṣírí yìí nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àríwá Èkó gangan. Ìyàtọ̀ wọn sí ìwọ̀-oòrùn kò pé dígírì 4.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe ìṣirò tó ka ayé sí roboto. Ìkẹjà wà ní dígírì 6.58 àríwá, 3.32 ìlà-oòrùn, JFK wà ní 40.64 àríwá, 73.78 ìwọ̀-oòrùn. Nítorí pé ọ̀kan wà ní ìlà-oòrùn, tí èkejì wà ní ìwọ̀-oòrùn, ríro ni ẹ ó ro wọ́n pọ̀, kì í ṣe yíyọ: 77.10. Ẹ fi sáìnì 6.58 sọ sáìnì 40.64 di púpọ̀, ó di 0.0746. Ẹ sọ kọ́sáìnì àwọn méjèèjì àti ti 77.10 di púpọ̀, ó di 0.1683. Àròpọ̀ wọn, 0.2429, ni kọ́sáìnì dígírì 75.94, èyí tó jẹ́ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì lórí ayé roboto. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 111.2, tí í ṣe kìlómítà 111 yẹn tí a kọ péye sí i, kìlómítà 8,445 ni yóò jáde.

Ìyá Aládìrẹ Ìtòkú:
Fún àwọn tí kò tíì kọ́ sáìnì, ẹ gbé àwòṣe ayé tó rí roboto wá, kí ẹ na òwú láti Èkó dé New York, kí ó le dáadáa. Àwòrán ilẹ̀ pẹlẹbẹ ń fi ọ̀nà gba Senegal wọ òkun, ṣùgbọ́n orí Málì àti Mauritania ni òwú yóò gbà. Ẹ wọ̀n ọ́n mọ́ òwú tó yí àwòṣe náà po, tí í ṣe kìlómítà 40,000 lórí ilẹ̀ ayé.

Olùkọ́ Ìbarà:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé iye yìí gan-an ni bàálù ń fò?

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ Òkè-Ìlewó:
Rárá, ó máa ń lé díẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́, ìjì àti ọ̀nà tí àwọn adarí òfurufú bá là sílẹ̀. Máìlì ojú omi ni àwọn awakọ̀ òfurufú sì ń lò: 60 wà nínú dígírì kan, nítorí náà 75.94 di bí 4,556.