Ṣé ẹgbẹ́ onílé lè gé iná ẹni tí kò san owó tiransífọ́mà?

Akọ̀wé àdúgbò, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. Lọ́dún tó kọjá, tiransífọ́mà wa jó, a sì dá owó ra òmíràn, nítorí pé bí a bá ní ká dúró de ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, inú òkùnkùn ni à bá ṣì wà dòní. Onílé kan tó ń gbé ní Èkó, tí ayálégbé kún ilé rẹ̀, kò san kọ́bọ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀rọ̀ náà lọ òun kí wọ́n tó bu iye lé òun lórí. Alága ní kí a gé wáyà ilé náà lórí òpó. N kò fọwọ́ sí lẹ́tà náà, wọ́n sì ti ń fojú ọ̀dàlẹ̀ wò mí. Kí ni kí n ṣe?

Alága àná, Ṣàgámù
Ẹ ṣeun tí ẹ kò fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ onílé kò láṣẹ láti fọwọ́ kan wáyà lórí òpó, ewu iná sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àti pé ayálégbé tó ti san owó iná tirẹ̀ ni òkùnkùn náà yóò bá, kì í ṣe onílé tó wà ní Èkó. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni: ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ránṣẹ́ sí i lóòótọ́. Nígbà tiwa, ìwé náà ló dá wa lẹ́bi. A tọrọ àforíjì, onítọ̀hún sì san tirẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ìyá onílé, Ìpẹru
Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n àwa tí a san ńkọ́? Owó ìfẹ̀yìntì ni mo fi san tèmi, nígbà tí òun ń gba owó ilé lórí iná tí a rà. Kò yẹ kí àforíjì pa gbèsè rẹ́. Ìbéèrè kan tún kù: ṣé ẹ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kí ẹ tó rà á? Àjọ NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná, ti là á sílẹ̀ pé ojúṣe ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ni láti pèsè tiransífọ́mà, àti pé àdúgbò tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ rà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá wọn ṣe àdéhùn, kí ọ̀nà lè wà láti gba owó náà padà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ẹ pe ìpàdé náà sí àsìkò Iléyá, nígbà tí àwọn ará Èkó bá wálé fún Ojúde Ọba. Ẹnu kì í le lójúkojú bíi ti orí fóònù. Bí kò bá sì yanjú, ẹ gbé e lọ bá CDC, ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè àdúgbò, ní ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Akọ̀wé àdúgbò, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ ṣeun. Mo ti ṣí ìwé náà. Orí WhatsApp nìkan ni a kéde rẹ̀ sí, onílé yìí kò sì sí lára wa níbẹ̀. Ìwé àdéhùn kò sí rárá. Mo ti kọ méjèèjì ránṣẹ́ sí alága.