"Àpamọ́" kọ́ ni bọ́fà: ẹ wo à- yẹn dáadáa

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹni tó dábàá pé ká máa pe bọ́fà ("buffer", àyè tí dátà ti ń dúró díẹ̀ kó tó kọjá) inú ètò sáfà ("server", kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn) ní "àpamọ́", ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ wo à- tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àdàkọ ni ohun tí a dà kọ, àkójọ ni ohun tí a kó jọ. Àpamọ́ á wá jẹ́ ohun tí a pa mọ́, kì í ṣe ibi tí a pa á mọ́ sí. Ẹ má sì fi àpamọ́wọ́ dá mi lóhùn: àpò fúnra rẹ̀ la pa mọ́ ọwọ́, owó inú rẹ̀ kọ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bọ́fà lè gba báìtì 65,536, kó jẹ́ 300 péré ló wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ní "báwo ni àpamọ́ yẹn ṣe tó?", èwo lẹ ó dáhùn nínú méjèèjì? Ẹni tó bá fi ìtóbi rẹ̀ dípò iye tó wà nínú rẹ̀, pàǹtírí ni yóò fi ránṣẹ́.

Ó tún ku "pa mọ́" gan-an. Ohun tí a bá pa mọ́, a fẹ́ kó pẹ́ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mò ń kọ́ níṣẹ́ gbọ́ "àpamọ́", ó fún ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá wọ sáfà ní bọ́fà mẹ́gábáìtì 4. Ìsopọ̀ 10,000 wọlé: gígábáìtì 40 nìyẹn! Bẹ́ẹ̀, eré ojú ọ̀nà tí dátà ń gbà àti àkókò àlọ-àbọ̀ rẹ̀ la fi ń wọn bọ́fà. Mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àlọ-àbọ̀ mílísẹ́kọ́ǹdù 80: báìtì mílíọ̀nù kan ló máa ń wà lójú ọ̀nà (bíìtì mẹ́jọ ni báìtì kan). Bá a bá fi bọ́fà báìtì 65,535 sí i, eré kò ní kọjá nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 6.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí bọ́fà bá sì tóbi jù, dátà á kàn tò pẹ́ níbẹ̀, ìdáhùn á máa falẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ tí a kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ dá: àmù. Ìyá àgbà tó tọ́ mi kò sọ rí pé òun pa omi mọ́ sí àmù. "Ẹ pọnmi kún àmù" ló ń wí. Ẹni tó ń pọn ní ìṣísẹ̀ tirẹ̀, ẹni tó ń bù ní tirẹ̀, àmù ló wà láàárín. Bó bá kún, ẹni tó ń pọn á dúró. Bó bá gbẹ, ẹni tó ń bù á dúró. Iṣẹ́ bọ́fà gan-an nìyẹn.

Ọ̀gá wa kan ní ara "mu" ni àmù ti wá, pé òun ti ń kọ́ni ní gírámà kí a tó bí àwọn kan nínú wa. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, sà, ṣùgbọ́n ohùn àárín ni "mu". Ta ló gbé ohùn ìsàlẹ̀ lé e?

Ẹ̀yin tí ẹ sì dúró lórí àpamọ́, bí bọ́fà bá gba orúkọ yẹn, kí la ó wá máa pe dátà inú rẹ̀?