Àwọn ọdẹ kan gba ilẹ̀ ìjọba mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìkirè ní Texas:
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ yìí bá gùn, inú ló ń bí mi, mi ò sì tíì fojú kan oorun láti àná.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ọdún kẹta tí mo ti ń dẹ pẹ́pẹ́yẹ igbó rèé. Mi ò yọ́ wọ ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ ìjọba ni mò ń lọ. Mo gba láísẹ́ǹsì, mo ra sítáǹbù ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ọdẹ ẹyẹ omi ní $25, mo tún san owó ìwé àṣẹ ti ilẹ̀ ìjọba lọ́tọ̀. Aago méjì òru ni mo jí lánàá. Ìyàwó mi ní ta ló ń sá fún oorun nítorí ẹyẹ tó wà nínú fíríìsà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ṣáínà. Mi ò dá a lóhùn. Mo po ògì sínú fúláàsì méjì, mo wakọ̀ fún wákàtí kan àtààbọ̀, mo gbé kayak, ọkọ̀ kékeré tí à ń fọwọ́ tù, sómi, mo tù ú nínú òkùnkùn, òtútù mú mi débi pé mi ò mọ ìka ọwọ́ mi lára mọ́. Ṣòkòtò rọ́bà tí mo wọ̀ ń jò ní ẹsẹ̀ ọ̀tún. $180 ni mo rà á ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn! Ìyẹn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni.

Mo to ère pẹ́pẹ́yẹ 18 tí a fi ń tan ẹyẹ wálẹ̀ sójú omi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ṣe ibùba sínú koríko. Kó tó di pé ilẹ̀ mọ́, ẹyẹ ti ń fò lókè, mò ń gbọ́ ìyẹ́ wọn bí ẹni ń fa aṣọ ya. Àfi gbàù! gbàù! gbàù! láti apá òsì. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan ni. Ẹyẹ yòówù tó bá ti fẹ́ yà sọ́dọ̀ mi, wọ́n á yìn ín kó tó balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọta rọ̀ sójú omi níwájú mi, ó ń dún pọ́ pọ́ pọ́ bí òjò àkọ́rọ̀ lórí páànù. Ọ̀kan ba fìlà. Nígbà tí mo pariwo, wọ́n ní kí n kúrò níbẹ̀. Kí èmi kúrò! Ẹyọ kan péré ni a gbé délé, àwọn sì kó tiwọn jọ bí ẹni ń kó àgbàdo.

Mo ti ya nọ́ńbà ọkọ̀ wọn ní fọ́tò. Mo fẹ́ kọ̀wé sí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹranko. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ tí wọ́n á fi mú wọn? Ṣé kò sí òfin tó sọ iye tí ọdẹ gbọ́dọ̀ fi jìnnà síra ni?

Ìyá Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọta ìbọn lórí fìlà? Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ṣé o lọ sílé ìwòsàn? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan wà ní Georgia, ọta ẹyẹ yìí náà ló wọ̀ ọ́ létí, ó wà níbẹ̀ títí dòní, bó bá ń ṣe àyẹ̀wò ní pápákọ̀ òfurufú ó máa ń ṣàlàyé. Àmọ́ jẹ́ kí n bi ọ́, fúláàsì ògì méjì fún ẹnì kan?

Awakọ̀ Katy:
Kọ̀wé lónìí, má dúró dọ̀la. Wọ́n rò pé bàbá àwọn ló ni ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe mí nìyẹn ní Galveston, níbi tí mo ti ń pẹja. Mo ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, ọkùnrin kan dé lọ́sàn-án, ó ju ìwọ̀ tirẹ̀ kọjá tèmi, okùn wa lọ́ mọ́ra. Ó ní kí n gé tèmi. Mo ní bóyá kó gé ọwọ́ mi. Ọlọ́pàá ló là wá. Bó o bá gbà fún wọn lẹ́ẹ̀kan, ó parí.

Bọ̀dá Beaumont:
Ẹ kú ìnira, ọ̀gbẹ́ni. Ọdún kọkànlá mi rèé lẹ́nu ẹyẹ omi ní ìpínlẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun tí àwọn ẹ̀ṣọ́ máa bi yín. Ilẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni àbí ti àpapọ̀? Ṣé òpó oní-nọ́ńbà wà níbẹ̀ tí oníkálukú gbọ́dọ̀ jókòó tì? Yáàdì mélòó ló wà láàrin yín? Ibo ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá? Ta ló kọ́kọ́ débẹ̀?

Ọ̀rọ̀ jíjìnnà síra yìí ò dọ́gba níbi gbogbo. Àwọn ibì kan ní Amẹ́ríkà kọ 100 yáàdì sínú òfin tiwọn, ibòmíràn 150, ibòmíràn 200. Ibi tí wọn ò kọ nǹkan kan sí náà pọ̀, kìkì ìwà ọmọlúàbí ni ọdẹ fi ń bára wọn gbé níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún ibi tí ẹ lọ gan-an ni kí ẹ kà, kì í ṣe ti ibòmíràn. Òfin wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ tó ka mímọ̀ọ́mọ̀ dí ọdẹ lọ́wọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí òun náà wá dẹ ẹyẹ, kì í rọrùn fún ẹ̀ṣọ́ láti mú un kìkì nítorí pé ó jókòó sí tòsí.

Ọmọ Ìkirè ní Texas:
Ẹ ṣé, bọ̀dá. Ti ìpínlẹ̀ ni, lápá etíkun. Kò sí òpó kankan. Láàrin wa ò ju 60 yáàdì lọ. Ti afẹ́fẹ́ yẹn ò yé mi, ọ̀rọ̀ ìyà tí wọ́n fi jẹ mí ni mò ń sọ.
Awakọ̀ Katy, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó ń dùn mí.

Ọmọ Ọdẹ Ìgbẹ́tì:
Ọdẹ ni bàbá mi, ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí. Bí bàbá mi bá dé oríta nínú igbó lálẹ́, á ṣẹ́ ewé tútù, á fi ìdí rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà tí òun gbà. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ á rí i, á gba ọ̀nà kejì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ lé e, a rí iná kábáàdì kan ní ọ̀ọ́kán, ó kéré bí iná tannátanná. Bàbá mi dúró, ó fọwọ́ bo iná orí tirẹ̀, ó yà. Mo bi í pé ṣé ẹbọra ni. Ó ní ọdẹ ni, pé ibi tí iná ọdẹ bá ti ń tàn, ẹlòmíràn ò ní ohun tí ó ń wá níbẹ̀. Ẹran etu wà lọ́nà yẹn o, a gbọ́ ìró rẹ̀. Ó yà bẹ́ẹ̀ náà ni.

Awakọ̀ Katy:
Ìgbẹ́tì nìyẹn, bọ̀dá. Texas rèé. Níbí, ẹni tó bá ń yà ni wọ́n ń gùn mọ́lẹ̀. Ojú ọ̀run sì tẹ́yẹ fò láìfara kanra, kí ló dé tí wọn ò lọ síbòmíràn?

Bọ̀dá Beaumont:
Ojú ọ̀run tó wọn. Ojú omi tí wọ́n ń bà lé ni kò tó, ìdí nìyẹn tí ìjà fi ń wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé afẹ́fẹ́, nítorí òun ni ìdí ẹjọ́ yìí. Bí pẹ́pẹ́yẹ bá fẹ́ balẹ̀, ó máa ń kọjú sí afẹ́fẹ́, bíi ọkọ̀ òfurufú. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́ta yẹn fẹ́ sọ́dọ̀ yín, á jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ jókòó sójú ọ̀nà tí ẹyẹ wọn ń gbà wọlé. Ẹyẹ á máa gba orí yín kọjá lọ bá wọn, wọ́n á sì máa kọ ẹnu ìbọn sápá ọ̀dọ̀ yín. Ẹyẹ tó bá kọjá 40 yáàdì, ìbọn wa yìí ò lè pa á dáadáa. Ṣùgbọ́n ọta tí kò lè pa ẹyẹ mọ́ ṣì lè fò kọjá 150 yáàdì kó tó rọ̀. Lóòótọ́, ọta irin la ń yìn láti 1991 tí wọ́n ti fòfin de òjé fún ẹyẹ omi jákèjádò orílẹ̀-èdè, irin sì fúyẹ́ ju òjé lọ. Ojú èèyàn ò mọ ìyẹn.

Ojú sì máa ń tan èèyàn lórí omi. Ẹ ṣí Google Maps, ẹ tẹ ibi tí ẹ jókòó sí mọ́lẹ̀, yóò wọn ọ̀nà fún yín.

Ọmọ Ìkirè ní Texas:
Mo wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ bàtà 345 ló pè é. Ìyẹn 115 yáàdì. Ó dára, 115. Kí ni ìyàtọ̀? Ọta ṣáà dé ọ̀dọ̀ mi. Afẹ́fẹ́ ń ti apá ọ̀dọ̀ wọn fẹ́ wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí mo jókòó yẹn, mo ti jókòó síbẹ̀ ní oṣù kọkànlá, ó dára gan-an. Kì í sì í ṣe pé wọn ò mọ̀ pé mò ń bọ̀. Nígbà tí mò ń tukọ̀ bọ̀, wọ́n tan iná sí mi lẹ́ẹ̀mẹta, èmi náà tan tèmi padà láti kí wọn.

Bọ̀dá Beaumont:
Ẹ dúró. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé?

Ọmọ Ọdẹ Ìgbẹ́tì:
Háà.

Bọ̀dá Beaumont:
Ọ̀gbẹ́ni, iná yẹn kì í ṣe ìkíni. Bí ọdẹ bá rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lókùnkùn, á tan iná sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, mo wà níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ síwájú. Ẹ dá a lóhùn, ẹ sì wá jókòó síwájú wọn. Lójú tiwọn, ẹ rí wọn, ẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Àgbà Òṣogbo:
Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀yin tí ẹ ní kó kọ̀wé, ẹ ti rí i báyìí. Ọmọ Ìkirè, ọdún mẹ́ta lẹ́nu ọdẹ, o kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí iná jẹ́?

Awakọ̀ Katy:
Ẹ̀yin àgbà, ta ló fẹ́ sọ fún un? Ta ló mú un lọ́wọ́ lọ? Kò sí ìkankan nínú wa tó ń lọ síbẹ̀ yàtọ̀ sí bọ̀dá Beaumont. Èmi náà ì bá rò pé wọ́n ń kí mi ni. Mo ṣì dúró lórí pé ẹni tó yìnbọn sápá ibi tí èèyàn wà jẹ̀bi.

Ìyá Ìbejì:
Kò tíì dá mi lóhùn lórí fúláàsì.

Ọmọ Ìkirè ní Texas:
Ẹ ṣé, ẹ̀yin ará ilé. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Mo mú ọmọ mi lọ. Ọmọ ọdún 12 ni. Mo ti ń ṣèlérí ibẹ̀ fún un láti oṣù kọkànlá. Ẹyọ kan tí mo sọ, òun ló pa á, àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Fìlà tí ọta bà, fìlà rẹ̀ ni. Ọta náà bọ́ sórí itan rẹ̀, ó mú un, ó ń fi í hàn mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mi ò kúrò níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kí n kúrò, torí mi ò fẹ́ kí ó rí bàbá rẹ̀ tí wọ́n lé bí ewúrẹ́. Ìyá rẹ̀ ò tíì mọ̀.

Ọ̀kan nínú wọn, bàbá àgbàlagbà kan, dúró dè wá níbi tí a ti ń gbé ọkọ̀ jáde lómi. Ó bọ́ fìlà, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo kọjá lára rẹ̀. Mo rò pé ìjà ló tún fẹ́.

Ìyá Ìbejì:
Mo ti mọ̀. Sọ fún ìyá rẹ̀ lálẹ́ òní, kó má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Kí o sì ra awò fún ọmọ yẹn kó tó tún sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn. Etí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni wọ́n bá, ojú ò ní àpamọ́.

Ọmọ Ọdẹ Ìgbẹ́tì:
Bàbá mi yà nítorí mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Bọ̀dá Beaumont:
Àwọn náà jẹ̀bi lórí ọta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n rí yín, ó sì yẹ kí wọ́n dá ìbọn dúró tí ẹyẹ bá ti wà láàrin yín. Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé, ẹ kọ ìyẹn, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ iná náà síbẹ̀. Bí ẹ bá fi pamọ́, àwọn ló máa sọ ọ́.

Ní Sátidé, aago mẹ́ta àtààbọ̀ ni mò ń gbé ọkọ̀ sómi. Ààyè wà fún ẹni méjì.

Ọmọ Ìkirè ní Texas:
Mo ti sọ fún ìyá rẹ̀. A ò tíì sọ̀rọ̀ náà tán. Ó ní bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, tí awò sì wà lójú ọmọ, òun á rò ó.
Ọmọ náà ní òun ló máa tan iná fún àwọn tó bá ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n ń tan án?

Bọ̀dá Beaumont:
Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta ti tó. Kó kọjú rẹ̀ sí imú ọkọ̀ wọn, kó má tan án sí ẹni tó ń tukọ̀ lójú.