Nẹ́tíwọọ̀kì lọ, pọ́ǹpù kò dúró (Iléṣà)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ilé iṣẹ́ omi kan ní Iléṣà ni. Sẹ́ńsọ̀ táǹkì wà lórí RS-485 (ìlà wáyà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀), PLC (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ) ń fi ìwọ̀n omi ránṣẹ́ sí sáfà nípasẹ̀ síìmù, sáfà ló ń pàṣẹ kí pọ́ǹpù dúró. Bí nẹ́tíwọọ̀kì bá lọ, omi á kún àkúnwọ́sílẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ náà tún máa ń dákẹ́ bí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́.

Èsì 1
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú àṣẹ ìdúró kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí. PLC ni kó máa pinnu, kí sáfà máa wòran. Kí ẹ tún so float switch (swíìṣì tó ń léfòó lórí omi) mọ́ wáyà kọ́ìlì contactor (swíìṣì ńlá tó ń gbé iná fún pọ́ǹpù) tààrà; kí float switch náà jẹ́ irú èyí tó ń ṣí, tó ń gé iná, bí omi bá ga. PLC ìbáà kú, wáyà ìbáà já, pọ́ǹpù á dúró.

Èsì 2
Ti sẹ́ńsọ̀, ariwo iná (iná pọ́ǹpù tó ń da àmì sẹ́ńsọ̀ rú) ni mo fura sí. Ṣé inú páìpù kan náà ni wáyà rẹ̀ àti ti pọ́ǹpù gbà? Ẹ yà wọ́n. Ẹ lo wáyà alọ́pọ̀ méjì tó ní ìbòrí, rẹ̀sísítọ̀ 120 Ω ní ìpẹ̀kun méjèèjì nìkan. Rẹ̀sísítọ̀ kẹta á fa àmì wálẹ̀.

Èsì 3
Bó bá jẹ́ MQTT (ìlànà ìfìsọfúnni-ránṣẹ́ láàárín ẹ̀rọ) ni PLC àti sáfà fi ń sọ̀rọ̀, QoS 1 (ìpele tó ń rí i dájú pé ìsọfúnni dé, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan) tó, ṣùgbọ́n ó lè mú àṣẹ kan náà dé lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà "tàn" tàbí "pa" ni kí ẹ kọ, kì í ṣe "yí i padà". Pẹ̀lú keep alive 60 (ìṣẹ́jú-àáyá tí PLC kò gbọdọ̀ dákẹ́ kọjá), bí broker (sáfà tó ń pín ìsọfúnni MQTT) kò bá gbọ́ nǹkan kan, á ka PLC sí òkú lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 90, á sì gbé Last Will (ìsọfúnni tí PLC ti fi sílẹ̀ de ìgbà tó bá já) jáde.