"Àwa ọmọ onílẹ̀": kí ni kí n sọ fún àbúrò mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ń du ipò káńsẹ́lọ̀, èmi ni mo ń bá a kọ ohun tó ń gbé sórí Facebook. Yorùbá la fi ń kọ ọ́, ó sì dùn mọ́ mi. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni "Èmi ló kàn" tí Tinubu sọ l'Ábẹ́òkúta ní 2022 ṣe gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan.

Ṣùgbọ́n àbúrò mi ti wá ní kí n máa kọ "àwa ọmọ onílẹ̀" àti "àwọn àlejò". Ìyá Ígbò kan ń tajà lẹ́nu ọ̀nà wa, àdúgbò yìí ló bí gbogbo ọmọ rẹ̀ sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá, ó sì ń kà á. Ọ̀rọ̀ yẹn á dùn ún gan-an.

Báwo ni mo ṣe lè kọ Yorùbá tí yóò wọ àwọn èèyàn wa lára láìlé obìnrin yìí síta? Kí ni kí n sì sọ fún àbúrò mi?