Ta ló ti bímọ sílé l'Ékòó rí? Ẹ wá sọ tiyín

Ìyàwó Ṣómólú
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá. Oyún mi ti pé oṣù márùn-ún, ìkejì nìyí. Ilé ìwòsàn ni mo bí àkọ́kọ́ sí, èébú tí mo jẹ níbẹ̀ pọ̀ ju ìrora lọ. Tọ̀tẹ̀ yìí, yàrá mi ni mo fẹ́ bí i sí. Ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀? Ẹni tó ti ṣe é rí nìkan ni kó dáhùn, ẹ jọ̀ọ́.

Àǹtí Lafiájì
Èmi ò ṣe é rí, àmọ́ màá dáhùn. Má dán an wò.

Bàbá Àìná
Àwa ò pète rẹ̀ o. Kẹ́tù là ń gbé, Ìsàlẹ̀ Èkó la forúkọ sílẹ̀ sí. Ìrọbí mú ìyàwó mi nírọ̀lẹ́, sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì dá wa dúró ká tó débi afárá Third Mainland. Ó ní òun ò lè jókòó mọ́. A yí padà sílé, màmá àgbà kan ládùúgbò ló gba ọmọ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìwọ́ ti wé mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹ ti mọ orúkọ tó ń jẹ́.

Olóyè Bàrígà
Láti Kẹ́tù, Ìsàlẹ̀ Èkó lẹ lọ forúkọ sílẹ̀ sí?

Bàbá Àìná
Ìyá ìyàwó mi ló ní ibẹ̀ lòun bí gbogbo ọmọ òun sí. Ẹ lọ bá a sọ ọ́.

Ìyá Àńjọlá
Èmi ṣe é, mo sì fètò sí i, kì í ṣe èèṣì. Àbúrò mi, ilé ìlera ìjọba ni mo ti kọ́kọ́ gba káàdì, n kò sì pa ọjọ́ kankan jẹ. Ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, ìfúnpá, síkáànù. Ìgbà tí wọ́n rí i pé ọmọ ti dorí kodò, tí ara mi sì dá, ni mo tó lọ bá mídíwáìfù kan tó ní ìwé àṣẹ. Ó wá wo ilé wa ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi ọkọ mi pé mọ́tò ta ló máa gbé wa bí ọ̀rọ̀ bá yí, ó ní kó lọ wa ọ̀nà ilé ìwòsàn wò, kó ka ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú 24. Obìnrin náà fajú ro, ó ní ká wá èyí tó sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tó dé, wọ́n mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀. Tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi bí Àńjọlá ní ìdájí. Ọmọ ké, inú wa dùn, àfi ẹ̀jẹ̀ tí kò dáwọ́ dúró. Misoprostol oníhóró, oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù lẹ́yìn ìbímọ, ni mídíwáìfù ti fún mi, torí abẹ́rẹ́ oxytocin tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà ń fẹ́ ibi tútù, firíìjì wa ò sì ríná láti ìjẹta. Ó ń fọwọ́ ra mí níkùn. Ẹ̀jẹ̀ dín, síbẹ̀ ó ní ká gbéra. Ilé ìwòsàn ni mo ti mu ògì àárọ̀. Ṣé màá tún ṣe é? Mi ò tíì mọ̀.

Nọ́ọ̀sì Agége
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ gba ọmọ lára rẹ̀ rí, ẹni tó lóyún ìbejì, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹsẹ̀ jáde, kó má dá a lábàá. Ẹ fi 767 àti 112, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, sórí fóònù. Ẹ wá ẹni tó lè fún yín lẹ́jẹ̀ kó tó di pé ẹ rọbí.

Ìyá Ìgè
Ẹsẹ̀ lọmọ tèmi fi jáde. Ìyá alágbo kan ní Mushin ló gbà á, kò sí nǹkan tó ṣe é!

Nọ́ọ̀sì Agége
A dúpẹ́. Èmi mọ àwọn Ìgè tí kò dúró gba orúkọ.

Ìyàwó Ṣómólú
Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú, kí ló dé tẹ́ ẹ máa ń bú wa?

Nọ́ọ̀sì Agége
Èmi kì í bú èèyàn. Àmọ́ ó ti ṣẹlẹ̀ lóru pé èmi nìkan ni, obìnrin mẹ́sàn-án ń rọbí. Mi ò gbè wọ́n lẹ́yìn o.

Àǹtí Lafiájì
Ẹ ń gbè wọ́n lẹ́yìn.

Olóyè Bàrígà
Ibi ọmọ ńkọ́? Níbo lẹ sin ín sí? Ilé àyágbé ni ọ̀pọ̀ wa wà.

Bàbá Àìná
Kọnkéré ni lándílọ́ọ̀dù fi bo gbogbo àgbàlá tiwa. Inú kúlà ni mo gbé e sí, ó di Ìjẹ̀bú Igbó. Wọ́n dá wa dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ní kí n ṣí i.

Olóyè Bàrígà
Kí lẹ wá sọ?

Bàbá Àìná
Òótọ́ ni mo sọ. Wọ́n ní kí n tètè máa lọ.

Ìyá Ìgè
Ẹ ṣe dáadáa. Ibi tí wọ́n bá sin ibi ọmọ sí nilé rẹ̀. Àbí Bàrígà lẹ fẹ́ kó máa pè nílé?

Olóyè Bàrígà
Kí ló ṣe Bàrígà?

Ìyá Àńjọlá
Inú ike òdòdó ńlá la sin tiwa sí, a gbin ewúro lé e. Nígbà tá a kó lọ sí Yábàá, a gbé e dání.

Àǹtí Lafiájì
Ṣé ẹ ń fi ewúro yẹn se ọbẹ̀?

Ìyá Àńjọlá
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ nǹkan mìíràn.

Ìyàwó Ṣómólú
Ọkọ mi ti ka gbogbo ẹ̀. Ká lọ gba káàdì lọ́jọ́ Ajé, ó gbà. Mídíwáìfù oníwèé àṣẹ, ó gbà. Ó ti lọ ka ìṣẹ́jú ọ̀nà tiwa pàápàá. Kúlà ló ní òun ò ní gbé.